Ẹni Tó Sọ Ọ́ Nù Ńkọ́?

Àwọn àgbà máa ń béèrè pé, ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù wá ṣe? Ẹni tó ń fi ohun àwárí yan fanda ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, kí ara rẹ̀ lè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ìdajì kejì tí a kì í dúró tì: kò sí ohun tí a rí he tí kò ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan rí. Ìdajì kejì yìí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú àwọn tó ń fi ohun tí wọ́n ṣà jọ ṣe iṣẹ́ ọnà, pàápàá àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yewa gbọ̀ngbọ̀n. Ní Owódé, ní oríta tí ọ̀nà Ìlaró ti yà lára títì tó ti Sango-Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè, ohun tí ayé ti lò tán kì í wọ́n: kẹ́ẹ̀gì epo tó ti jò, táyà tó ti jẹ tán, ṣéènì ọ̀kadà, páànù tó ti dípẹtà, ọ̀rá omi. Oníṣẹ́ ọnà tó bá jókòó síbẹ̀ kò ní wá ohun èlò tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí a ṣà jọ kò dé ọwọ́ wa lófìfo. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e fún oníṣẹ́ ọnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ohun náà ní tútù, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ tó ti fi ṣe, gbọ́dọ̀ gbé ìtàn rẹ̀ tẹ̀lé e: ibi tí a ti rí i, ohun tó ti ṣe láyé rẹ̀ rí, àti orúkọ ọwọ́ tó kàn án. Pàṣípààrọ̀ tí kò ní èyí nínú, kò pé.

Ẹ jẹ́ ká mú kẹ́ẹ̀gì wò, nítorí kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tí kò mọ̀ ọ́n. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, tí a bí ní 1962, ló sọ kẹ́ẹ̀gì di ojú ènìyàn fún gbogbo ayé. Ó gé e, ó yí i padà: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu, ibi tí a ti ń dì í mú di imú, ẹ wá rí ojú kan tó ń wò yín bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ jù, La Bouche du Roi, tó ṣe láàárín 1997 sí 2005, ní irú ojú bẹ́ẹ̀ 304. Ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe to ẹrú sínú ọkọ̀ Brookes, nínú àwòrán tí àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. British Museum gbà á sílé ní 2007, ọdún tó pé igba ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà. Lọ́dún kan náà ni Hazoumè gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel, ní Jámánì. Ike nìkan kò lè gbé ènìyàn débẹ̀. Ohun tí kẹ́ẹ̀gì yẹn ti fojú rí ló gbé e. Àwọn onífàyàwọ́ tó ń fi ọ̀kadà kó epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Benin a máa fi iná mú kẹ́ẹ̀gì wú, kó lè gbà ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Bó bá ti wú, ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Bó bá bẹ́ lójú ọ̀nà, iná kì í mọ awakọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ fọwọ́ pa irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tẹ́jú mọ́, ó yọ ikùn, ibi tí iná ti là á dúdú, ẹ fọ̀ ọ́ títí, òórùn epo ò kúrò nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tuntun tí a rà lọ́jà, tí a gé bákan náà, yóò jọ ojú, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan tó lè jẹ́rìí sí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí epo Nàìjíríà náà wá wọ́n, òwò fàyàwọ́ epo rọlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó yọ ikùn ń di ohun àtijọ́ lójú wa. Oníṣẹ́ ọnà tó bá gbé ọ̀kan fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìsọ ọ̀nà tó rìn, ike lásán ló gbé fún un.

Bí ẹnì kan bá sọ pé àṣà àtọ̀húnrìnwá ni fífi àlòkù ṣe ọnà, pé Picasso ló fi ìjókòó àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣe orí màlúù ní 1942, kó kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀kú eégún. Abala lórí abala ni. Ẹbí a máa fi kún un láti ọdún dé ọdún: àrán ẹnìkan, àǹkárá ẹlòmíràn, aṣọ òkè tí ìyá àgbà kan lò títí tó fi re ìwàlẹ̀ àṣà. Bí a bá bi àwọn àgbà ilé, wọ́n á tọ́ka sí abala kan, wọ́n á ní lágbájá ló fi èyí sí i. Aránṣọ ló rán an pọ̀, síbẹ̀ aránṣọ kò jẹ́ sọ pé òun nìkan ló ni ín. Alágbẹ̀dẹ náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ pàǹtí. Ọkọ́ tó jẹ tán, inú iná ló ń padà sí, ó di ọ̀bẹ. Ìdílé alágbẹ̀dẹ Àjàṣẹ́ ni Calixte Dakpogan àti arákùnrin rẹ̀ Théodore ti wá. Ajákù ọkọ̀ ni wọ́n jọ fi rọ ère fún àjọ̀dún Ouidah 92, tó wáyé ní 1993. Ohun tí mo fẹ́ ká rí níbẹ̀ ni pé àṣà tiwa kò fìgbà kan ya ohun àlòkù nípá kúrò lára ẹni tó lò ó. Àwa tí a wà lóde òní la fẹ́ máa ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù ú.

Ọ̀rọ̀ wá kan pàṣípààrọ̀. Bùn mí kí n bùn ọ lọ̀pọ̀lọ́ ń ké, oníṣẹ́ ọnà náà ń ké e, nítorí owó kì í pọ̀ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn sì máa ń wù wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní wẹ́dà kan wà ní Owódé tó ń fi ṣéènì ọ̀kadà rọ ẹyẹ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní Àjàṣẹ́ tó ń fi kẹ́ẹ̀gì gbẹ́ ojú. Èyí fi àpò ṣéènì ránṣẹ́, ìyẹn dá kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà padà, oníkálùkù sì fi èyí tó gbà kún tirẹ̀. Báwo la ṣe máa díye lé e? Ẹni tó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, bí àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́mù ṣe ń wọ̀n ọ́n, ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé nídìí òṣùwọ̀n, ẹyẹ àti ṣéènì kò yàtọ̀. Ohun tó ní iye níbẹ̀ ni ojú tó rí i, ọwọ́ tó ṣà á, sùúrù tó fi yọ ìpẹtà rẹ̀, àti ọ̀nà tí ohun náà ti rìn kó tó bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní orúkọ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lára ẹyẹ tó wọ kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ṣà á jọ ti ṣe ìdajì iṣẹ́, nítorí nínú iṣẹ́ yìí, rírí fúnra rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló tẹ ìdérí ìgò mọ́lẹ̀ kọjá kí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé yóò dìde ni pé ààtàn kò ní olówó: ẹni tó bá ti da nǹkan nù ti kọ̀ ọ́, kí la tún ń wá orúkọ rẹ̀ kiri sí? Èmi kò sọ pé ká sanwó fún un. Ohun tí mo sọ ni pé ká mọ̀. Mímọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà nìkan. A mọ̀ ní ilẹ̀ yìí pé kì í ṣe gbogbo irin tó dé ọwọ́ oníkọ̀ndẹ́mù ni a sọ nù. Irin ẹ̀gbẹ́ afárá wà níbẹ̀, ìdérí gọ́tà wà níbẹ̀, wáyà iná tí wọ́n gé lórí òpó wà níbẹ̀. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà tó ra irin láìbéèrè, tó rọ ọ́ di ère, tó fi ère náà ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, ti sọ ọ̀rẹ́ di ẹni tó gba epo náà láìjẹ́ kó mọ̀. Ṣé àfẹ́rí ni a fẹ́ máa fi ọnà ṣe ni? Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà oníkọ̀ndẹ́mù, “níbo lo ti rí èyí?”, ló tó láti yọ ẹni méjì nínú ewu, bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá sì mọ́lẹ̀, kí a fi irin náà sílẹ̀.

Àtakò kejì wúwo jù ú lọ, nítorí inú rere ni ó ti wá. Àwọn kan á ní bí ọ̀rẹ́ bá ti ń kọ̀wé àdéhùn láàárín ara wọn, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ méjì tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1888, Vincent van Gogh àti Paul Gauguin fi àwòrán ojú ara wọn ta ara wọn lọ́rẹ, oníkálùkù sì kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sára èyí tó yà. Nígbà tó yá, Gauguin ta èyí tí Van Gogh fún un. Àwòrán náà wà ní Harvard lónìí, ọ̀rọ̀ tí Van Gogh kọ sára rẹ̀ ti parẹ́ débi pé agbára káká la fi ń rí i kà. Èmi kò dá Gauguin lẹ́bi pé ó tà á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kúrò lára ẹ̀bùn ọ̀rẹ́. Bí a kò bá sì kọ ọ́ rárá ńkọ́? Ikú ń bọ̀, àwọn ọmọ á jogún ohun tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n á kó o padà sí ààtàn. Nílẹ̀ ẹnubodè wa, ọ̀ràn ìwé tún ní eegun nínú. Òfin 77 ti 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ère tí a fi irin tó ti dípẹtà rọ lánàá lè jọ èyí tí a hú nínú ilẹ̀, kò sì sí bí kọ́sítọ́ọ̀mù Ìdí-Ìrókò ṣe máa mọ̀ bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tí a ṣe é, ẹni tó ṣe é àti ohun tí a fi ṣe é. Kò gba lọ́yà. Ìlà mẹ́ta tí a fi ọ̀dà tí kì í ṣí kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti irú kan náà nínú ìwé àwọn méjèèjì, ti tó.

Àtakò tó kù ni ti àwọn tó ní iṣẹ́ ọnà gidi kò nílò alágbàsọ, pé kó dá dúró kó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ère tí kò dára, ìtàn kò lè sọ ọ́ di rere. Ìtàn kì í ṣe ọ̀dà tí a fi ń bo àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ wo El Anatsui, ọmọ Gánà tí a bí ní 1944, tó dé Nsukka ní 1975, tí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Venice fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ ní 2015. Ìdérí ìgò ọtí ló ń tẹ̀ pẹlẹbẹ, tó ń jẹ́ kí wọ́n fi wáyà so pọ̀ títí yóò fi gbòòrò bí aṣọ ọba. Láti òkèèrè, wúrà ni ojú rí. Bí a bá sún mọ́ ọn, a óò rí orúkọ ọtí lára ìdérí kọ̀ọ̀kan, a óò sì rántí pé ọtí òyìnbó wà lára ohun tí wọ́n fi ra ènìyàn ní etíkun wa. Anatsui kò pa orúkọ wọ̀nyẹn rẹ́. Iṣẹ́ náà ń dá sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹni tó ṣe é kò gba ẹnu lọ́wọ́ ohun tó fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n fi ère kan parí rẹ̀. Ní nǹkan bí 1858, ní ayé ọba Glèlè ti Dàhòmì, ní ilẹ̀ Benin òde òní, wọ́n rọ ère Gú, èyí tí àwa ń pè ní Ògún, láti inú irin àlòkù tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Ó ga tó ènìyàn, fìlà orí rẹ̀ sì kún fún irinṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ní 1894 ó di ará Paris, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé rí i ní Ouidah tí wọ́n sì gbé e lọ. Akati Ekplekendo ni orúkọ ẹni tó rọ ọ́. Nítorí pé a mọ ẹni tó ṣe é, ọba tó ṣe é fún àti ibi tí a ti gbé e, àwọn ará Benin mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Nígbà tí Faransé dá ohun 26 padà fún wọn ní oṣù Kọkànlá 2021, Ààrẹ Patrice Talon sọ ọ́ síta pé inú òun kò tíì dùn tán, ó sì dárúkọ ère Gú. Kò sí lára 26 náà. Paris ló ṣì wà.