Ọ̀rọ̀ Ta Ni Kí Ẹni Tí Ń Gun Àpáta Gbà Gbọ́?

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò rí ìwé ìròyìn rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà láyé lónìí, tí wọ́n sì ṣí àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá tí ń sọ nípa ìrìnkèrindò, nípa òkè gígùn, ọkọ̀ wíwà lórí odò àti oorun sísùn nínú aginjù, wọn yóò rí i pé òwe náà kò tí ì gbó. Bàtà dídán ni ó wà ní ojú ìwé kìíní, àgọ́ olówó iyebíye ni ó wà ní ojú ìwé kejì. Nígbà tí òǹkàwé yóò fi dé ibi tí a ti ń sọ nípa òkè fúnra rẹ̀, kò mọ̀ mọ́ bí òkè ni a ń fi hàn án tàbí bàtà.

Nítorí èyí ni inú ènìyàn fi ń dùn nígbà tí ó bá ṣe alábàápàdé ìwé ìròyìn kékeré kan tí kò ní olówó lẹ́yìn. Irú wọn pọ̀ ní ayé òde òní. Ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni ó máa ń kọ ọ́; ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé e lọ; owó díẹ̀ tí àwọn òǹkàwé ń san sílẹ̀ ni ó sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò mí kanlẹ̀, yóò sì wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ẹni tí kò ní ọjà tí ó fẹ́ tà fún mi nìyí, ohun tí ó bá sọ, òtítọ́ ni.”

Ǹjẹ́ àìní olówó lẹ́yìn tó láti sọ ẹnì kan di olóòótọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré. Bí ìwé ìròyìn bá parọ́ nípa aṣọ tàbí nípa orin, owó ni òǹkàwé pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ìwé tí ń kọ́ni ní gígun àpáta bá parọ́ nípa okùn, tàbí tí ó bá fi ìgbéraga sọ pé ọ̀nà kan rọrùn nígbà tí kò rọrùn, òkú ni a óò gbé sọ̀kalẹ̀.

Ìtàn kan wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti ronú lórí ọ̀ràn yìí. Ní 1955, àwọn obìnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà, Jean Crenshaw àti Helen Kilness, dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Summit, èyí tí ó túmọ̀ sí téńté orí òkè. Big Bear Lake, ìlú kékeré kan láàrin àwọn òkè California, ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, ilé wọn náà sì ni ilé iṣẹ́ wọn. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi bójú tó ìwé náà kí wọ́n tó tà á ní 1989. Àwọn tí ń gun òkè ní gbogbo ilẹ̀ náà ń kà á, wọ́n ń kọ̀wé sí i, wọ́n sì ń tipasẹ̀ rẹ̀ bá ara wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé obìnrin ni àwọn olóòtú, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà kọ orúkọ wọn sínú ìwé kò fi í hàn. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá mọ̀ wọ́n ní obìnrin, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ń gun àpáta kò ní ka ọ̀rọ̀ wọn sí.

Ẹni tí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn lè sọ níhìn-ín pé ìwé tí ó fi ìbòjú bẹ̀rẹ̀ kò yẹ ní gbígbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dàbí ẹni pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òǹkàwé ń béèrè lọ́wọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀nà ti rí, bí okùn ti lágbára tó, bí yìnyín ti ń ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lórí èyí ni wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè òtítọ́. Wọn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ohun tí yóò fi kẹ́gàn wọn. Bí ẹ̀bi bá wà nínú ọ̀ràn náà, ọrùn àwọn òǹkàwé tí ó sọ ìbòjú náà di dandan ni kí a fi í kọ́.

Inú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti jáde tí ó kan gbogbo àwọn tí ń rà á. Láti gun àpáta tí ó dúró ṣánṣán, àwọn tí ń gùn ún a máa fi òòlù kan ìṣó irin mọ́ pàlàpálá àpáta, wọn a sì so okùn mọ́ ọn kí ó lè mú wọn dúró bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀. Ẹni tí ó bá kẹ́yìn a fi òòlù lu ìṣó náà sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi jáde. Ẹni tí ó bá tún wá a tún kàn án. Ní àfonífojì Yosemite, níbi tí àpáta El Capitan ti ga tó bíi 900 mítà, àwọn pàlàpálá tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀bẹ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ títí wọ́n fi gba ìka ènìyàn. Gbogbo ẹni tí ń gun ibẹ̀ ni ó rí i. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu gbogbo wọn fi wúwo.

Royal Robbins, ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtagí Yosemite, lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Ó bá àwọn ènìyàn tí ń gun àpáta níbẹ̀ láìlo òòlù. Àwọn tí ó ṣáájú wọn ti lo òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti lo nọ́ọ̀tì irin lásán, irú èyí tí mẹkáníìkì ń lò, tí wọ́n fi okùn bọ̀ láàrin; wọn a há a sí pàlàpálá, ẹni ìkẹyìn a sì fi ọwọ́ yọ ọ́. Àpáta kò ní gbọgbẹ́. Ní 1967 Robbins kọ àròkọ kan sínú Summit láti gbé ọ̀nà yìí lárugẹ. Ní ọdún kan náà ni òun àti Liz aya rẹ̀ gun ọ̀nà tuntun kan ní Yosemite láìkan ìṣó kan ṣoṣo. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà lójú ẹsẹ̀. Ta ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ kọ́ irin kékeré tí a kàn fi ọwọ́ há?

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ẹjọ́ ìbá ti tán: ìwé kékeré sọ òtítọ́, àwọn oníṣòwò ìṣó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Yvon Chouinard ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ní 1957, ó sì ń rọ ìṣó irin fún àwọn tí ń gun àpáta. Nígbà tí ó fi di 1970, ilé iṣẹ́ òun àti Tom Frost ti di èyí tí ó ń ta irin gígun òkè jùlọ ní Amẹ́ríkà, ìṣó yìí gan-an ni ó sì ń mú owó wọlé fún wọn jù. Ní àkókò náà ni wọ́n tún gun ọ̀nà kan lára El Capitan tí a ń pè ní Nose, tí wọ́n sì rí bí ìṣó ti ba ibẹ̀ jẹ́ láàrin ọdún díẹ̀. Ní 1972 wọ́n gbé ìwé àkójọ ọjà wọn jáde. Nínú rẹ̀ ni àròkọ gígùn kan wà láti ọwọ́ Doug Robinson tí ó ń kọ́ni bí a ti í gun àpáta láìkan ìṣó. Ìwé tí a tẹ̀ láti fi pe oníbàárà ni ó ń sọ fún oníbàárà pé ọjà tí ó ti sọ oníṣòwò di ẹni ńlá kò dára.

A kò gbọ́dọ̀ fi ìyókù pa mọ́. Irin kékeré tí yóò rọ́pò ìṣó wà fún títà nínú ìwé kan náà, láàrin oṣù díẹ̀ ó sì tà ju bí wọ́n ti lè ṣe é lọ. Ṣé òtítọ́ ni wọ́n sọ, tàbí ọjà tuntun ni wọ́n ń polówó? Ẹni tí ó bá sọ pé méjèèjì ni kò jìnnà sí òótọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, òfò ni ó wà lójú wọn kedere, èrè ṣì wà nínú òkùnkùn. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó sì ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí a fi ń mọ ọdẹ olóore ni pé ó mọ ohun tí ẹran náà ná an, ó sì gé e fún ará ilé rẹ̀. Bí ìlú bá fún un ní ẹ̀bùn lẹ́yìn náà, ẹ̀bùn yẹn kò sọ ẹran di májèlé.

Ibi tí òmìnira ìwé wà, nígbà náà, jìnnà sí ibi tí a ti ń wá a. Ìwé tí kò ní oníṣòwò lẹ́yìn ní ọ̀gá síbẹ̀: àwọn tí ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ni ọ̀gá náà. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, The Nigerian Field, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní 1930 nítorí ẹranko, ẹyẹ, igi àti àṣà ilẹ̀ yìí, ń jáde láti 1931. Ìwé ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti oníṣòwò, ó sì ti ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ ká yìn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ ọ́ àti àwọn tí ń kà á. Ọ̀rọ̀ ọdẹ abúlé tí ó mọ igbó náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ kì í sábà jáde lábẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Oníṣòwò kankan kọ́ ni ó dí i lọ́nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ń kọ̀wé ìrìnkèrindò fún àwọn asanwó rẹ̀ lónìí. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ewu, ewu rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi ìkọ̀kọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dé, yóò júwe rẹ̀ fún wọn, láàrin ọdún kan ibẹ̀ yóò sì di ọjà. Ẹni tí ó bá ti ṣe àbẹ̀wò sí ilé-ìwé rí mọ̀ ọ́n dáadáa: ní ọjọ́ tí a ń retí àlejò, gbogbo ọmọ ni ó mọ ìdáhùn, nítorí pé ìbéèrè àná ni olùkọ́ ń bi wọ́n. Àléébù ni kí òǹkàwé tuntun máa wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣé òǹkọ̀wé ti sọ rí pé òun ṣìnà? Ṣé ó ti bá àwọn tí ń bọ́ ọ wí rí? Robbins kan náà bínú ní 1971 sí ọ̀nà tí Warren Harding àti Dean Caldwell ti là lára El Capitan ní ọdún tí ó ṣáájú, nítorí ihò tí wọ́n lu sára àpáta láti fi irin sí. Ó gun ọ̀nà náà, ó sì ń gé irin wọn kúrò bí ó ti ń lọ. Kò tí ì jìnnà nígbà tí ó rí bí iṣẹ́ wọn ti dára tó. Ó dáwọ́ dúró, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí ó lè dáwọ́ dúró ní agbede méjì ìbínú rẹ̀, ojú gbogbo ayé, a lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí okùn gbọ́.

Ojú ọgbẹ́ tí ìṣó dá sí Yosemite kò jinná. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Serenity Crack, tí ihò ìṣó tò lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn tí ń gun àpáta lónìí, tí wọn kò kan ìṣó rí, ń ki ìka wọn bọ àwọn ihò náà láti fi gùn ún, inú ihò kan náà ni wọ́n sì ń há irin kékeré wọn sí.