Ọmọ Tí Ó Ṣubú Lọ́wọ́ Olùtọ́jú

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Samuẹli 4:4 àti 9:1–13

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní Pedro, Ṣómólú àti Bàrígà. Ìyá kan bí ọmọ. Ọrùn ọmọ kò tètè dúró, tàbí kò sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tàbí wárápá ń gbé e. Ìyá ní láti padà sí ọjà. Ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ tí ó wà ládùúgbò, wọ́n ní àwọn kò lè gba irú rẹ̀. Ó lọ sí èkejì, wọ́n gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kí ó wá gbé e. Níkẹyìn, òmíràn a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ nílé, òmíràn a fi ọjà sílẹ̀, ebi a sì wọlé. Kí ni Ìwé Mímọ́ ní fún irú ìyá bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo Mefiboṣeti ọmọ Jonatani. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn ikú baba rẹ̀ dé. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ; bí ó ti ń kánjú, ọmọ ṣubú, ó sì yarọ. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin yìí kì í ṣe ìkà. Ẹ̀mí ọmọ náà ni ó fẹ́ gbà là. Ìkánjú ni ó fa ìṣubú náà. Nítorí náà, ìfẹ́ nìkan kò tó fún ẹni tí yóò tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ó ní sùúrù, kí ó ní ìmọ̀, kí iṣẹ́ má sì pọ̀ jù fún un.

Nígbà tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó gbé ọmọ sí, ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ bèèrè pé: ọmọ mélòó ni ó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan? Ǹjẹ́ wọ́n ń gbé ọmọ jókòó dáadáa kí wọ́n tó fún un ní oúnjẹ, kí ó má bàa há a lọ́fun? Bí wárápá bá gbé e, kí ni wọn yóò ṣe? Ǹjẹ́ wọ́n ń fún ọmọ ní oògùn oorun kí ilé lè pa rọ́rọ́? Ẹ yà síbẹ̀ lọ́sàn-án láìsọ tẹ́lẹ̀. Olùtọ́jú rere yóò bi yín ní ìbéèrè púpọ̀ nípa ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ ni yóò sì máa pè é, kì í ṣe orúkọ àìsàn rẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ibi tí a lè bèèrè sí kò jìnnà. Ní Akọka, nítòsí wa, ni ilé ìwé Modupe Cole ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, níbi tí a ti ń tọ́jú tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọpọlọ tàbí ara wọn nílò ìrànlọ́wọ́. Ní Surulere ni Wesley School fún àwọn adití wà, àti Pacelli fún àwọn afọ́jú. Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn ìyá: Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ní 2011, Ààrẹ orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Kí ìyá má ṣe bèèrè bí ẹni tí ń tọrọ báárà.

Nígbà tí Dafidi bèèrè Mefiboṣeti, ilé Makiri ní Lodebari ni wọ́n ti mú un wá. Kí ọba tó rántí rẹ̀, ẹnì kan ti ṣílẹ̀kùn fún un. Makiri yìí kan náà wà lára àwọn tí ó gbé ibùsùn àti oúnjẹ wá fún Dafidi nígbà tí ó sá fún Absalomu (2 Samuẹli 17:27–29). Ọwọ́ tí ó gba ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ni ó bọ́ ọba nígbà ìpọ́njú.

Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa jẹ́ ilé Makiri. Kí a mọ ìyá tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàrin wa. Kí ẹni méjì bá a lọ nígbà tí ó bá fẹ́ lọ wo ilé ìtọ́jú ọmọ. Kí a máa gba ọmọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn tí ó bá ti kọ́ wa bí a ti ń gbé e àti bí a ti ń bọ́ ọ.

Ní ìparí orí kẹsàn-án, Mefiboṣeti ń jẹun nígbà gbogbo nídìí tábìlì ọba, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì yarọ síbẹ̀. Kò kọ́kọ́ rìn kí ó tó jẹun. A ó máa gbàdúrà ìwòsàn, a kò ní dákẹ́; ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò jẹun lónìí, yóò ní ibi tí yóò jókòó sí lónìí.

Olúwa, fún àwọn ìyá wa ní ọwọ́ tí kì í kánjú láti gba ọmọ wọn. Ṣí ilẹ̀kùn wa. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.