Èwo Ni Kí A Rà Fún Ọmọ?

Àwọn òbí kan bi wá léèrè láìpẹ́ yìí pé èwo ni ó yẹ kí a rà fún ọmọ láti máa fi kàwé: ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì ni, tàbí ẹ̀rọ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ìwé kíkà lọ, irú Kindle tí ó dé orí àtẹ ní Amẹ́ríkà ní 2007? Ó jọ ìbéèrè ọjà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìwà ni lójú tiwa.

Ilé wa ni a ti kọ́kọ́ rí i. A ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, a kó ìwé sínú rẹ̀, a ní kí ó máa kà. Lẹ́yìn oṣù méjì, ojú ìwé 11 ni ó dé. A bínú, a sì pè é ní ọ̀lẹ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń bá a wí yìí, fóònù wa kì í dún kí a má wò ó, kódà bí ìwé bá wà lọ́wọ́ wa. A kó eré, fíìmù àti ìwé sínú àpò kan náà fún ọmọdé, a wá ní ìwé nìkan ni kí ó máa mú níbẹ̀. Ohun tí apá àgbà kò ká ni a fi dá a lẹ́bi. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rọrùn fún bàbá o!

Ẹni tí ó bá lo wàláà nílé kéwú yóò rántí pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju ohun tí Alfa kọ sí i. Ẹ̀rọ ìkàwé sún mọ́ ọn. Àwọn hóró tín-tìn-tín dúdú àti funfun ni ó ń tò sójú rẹ̀ bíi tàdáwà lórí ìwé. Ìgbà tí a bá ń ṣí ojú ìwé ni ó ń lo iná jù, nítorí náà ó lè lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí a tó tún fi sí iná. Ẹni tí ó ń gbé ìlú Benin mọ iyì èyí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ojúsàájú. Dúdú àti funfun ni púpọ̀ nínú wọn, máàpù àti àwòrán ìwé sáyẹ́ǹsì kì í hàn dáadáa nínú wọn. Nígbà tí àjọ Worldreader bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ iléèwé ní Kindle ní Ghana ní 2010, ojú púpọ̀ nínú wọn fọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó bá fọ́ níhìn-ín, a ó rí ẹni tún un ṣe. Ti èkejì ṣòro. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà sì ni Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2013, tí wọ́n kó ìwé iléèwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí. Ọmọ tí ń múra WAEC lè jàǹfààní irú rẹ̀.

Ẹnì kan wá bi wá pé bí a bá ti gbogbo ilẹ̀kùn, ìgbà wo ni ọmọ yóò kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu? Ìbéèrè tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n a kì í ti ọmọ ọdún méje sí ààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá gbà á dé ọ̀sán, a ó yìn ín, a ó sì fún un ní oúnjẹ. A kì í sì í gbé ìrẹsì tó ń gbóná kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárọ̀.

A ti ra ẹ̀rọ ìkàwé àlòkù fún ọmọ náà, ó sì ti ka ìwé kejì dé àárín. Tábúlẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní pálọ̀. Àwa gan-an ni a ń lò ó jù báyìí.