Búrẹ́dì Tí A Fi Ọwọ́ Pò



Olúwa wa kò ka iṣẹ́ obìnrin tí ń po ìyẹ̀fun sí ohun yẹpẹrẹ, nítorí òun ni ó fi pa òwe nípa ìjọba Ọ̀run (Mt. 13, 33).

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, Sístà àgbàlagbà kan tí ó ti gbé ní Ítálì kọ́ àwa mélòó kan ní búrẹ́dì róbótó kékeré tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. Ohun mẹ́rin péré ni ó kó sórí tábìlì: ìyẹ̀fun àlìkámà, omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà. A fi ọwọ́ pò ó, a tẹ̀ ẹ́, a ká a, a tún tẹ̀ ẹ́, títí ó fi dán tí ó sì ń fà bí iyán tí a gún tí kò ní kókó. Sístà fi aṣọ tútù bò ó, ó ní kí a máa lọ ka ìwé wa. Kò pẹ́ tí mo fi yọ́ lọ ṣí i wò. Ó rí mi, ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni ò ń mú un wú.” Ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà; adùn inú ìyẹ̀fun ni ó ń jẹ, èémí rẹ̀ ni ó sì ń gbé búrẹ́dì sókè. Ó di ìlọ́po méjì kí a tó gé e, kí a tó ṣe é róbótó, a sì tún dúró kí ó wú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà náà ni a fi abẹ sá a lórí, tí a gbé e sínú ààrò gbígbóná.

Búrẹ́dì ilẹ̀ wa gba ọ̀nà mìíràn. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ Rélùwéè ní 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní 1921, ó sì mú kí ẹ̀rọ onírin méjì tí ń yí, tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò, gbilẹ̀ láàárín àwọn oníbúrẹ́dì. Láti ara ẹ̀rọ yìí ni búrẹ́dì Agége ti rí bí ó ti rí. Èmi kò bá ẹ̀rọ jà. Kí n má purọ́, búrẹ́dì Agége pẹ̀lú ẹ̀wà wù mí ju ti Ítálì lọ.

Ohun tí mo ń bá jà ni potassium bromate, ẹbu tí a ń bù sí ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè tóbi kíákíá. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí i pé ó fa jẹjẹrẹ lára eku, NAFDAC sì ti fi òfin dè é. Síbẹ̀, oníbúrẹ́dì kan nínú ìjọ wa tọ̀ mí wá. (Kì í ṣe níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ọ́ síhìn-ín.) Ó ní, “Fádà, bí mo bá fi í sílẹ̀, búrẹ́dì mi yóò kéré, àwọn oníbàárà mi yóò sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ?”

Mo sọ fún un pé kí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn títí di òru, nítorí ta ni ń fi ipá mú un? Àwa tí ń dé ọjà Ìdó, tí ń gbé búrẹ́dì méjì lé ọwọ́, tí a sì ń mú èyí tí ó tóbi jù láìbéèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìjọ Mímọ́ kò gbà kí a fi ohunkóhun kún búrẹ́dì Misa ju ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi lọ. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a tọ́ ohun mímọ́ wò níbi pẹpẹ, kí a sì lọ fi ìdọ̀tí bọ́ ọmọ aládùúgbò wa?

Ọkùnrin náà ti fi bromate sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Búrẹ́dì rẹ̀ kéré díẹ̀, iye rẹ̀ kò sì dín. Lẹ́yìn Misa òní, yóò gbé e wá sí iwájú ilé Fádà. Èmi ni n ó kọ́kọ́ rà á.