Ṣé Ọkọ̀ Ló Gbó Ni, àbí Ẹni Tó Ni Ín?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ló dé tó jẹ́ pé bí Píjò 504 tàbí Ìjàpá Volkswagen bá ti ń rú èéfín bọ̀ nílùú Ṣakí, ẹni tó ń wà á la kọ́kọ́ ń dá lẹ́jọ́? Tó bá jẹ́ tíṣà, a ó ní ìyà ń jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ọlọ́jà tó lówó, "ahun wà nínú ahun!" Tó bá wá jẹ́ òyìnbó, a ó ní ó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ ni. Ọkọ̀ kan náà, ìdájọ́ mẹ́ta!

Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Ìjàpá l'Ékòó. Nígbà yẹn, tíṣà tó bá ra Ìjàpá, gbogbo àdúgbò ló ń bá a yọ̀. Tòkunbọ̀ ló dé tójú wa yí padà. Láti 2023 tí náírà sì ti já wálẹ̀, tòkunbọ̀ gan-an ti kọjá agbára owó oṣù.

N ò sọ pé kí bíréèkì má ṣiṣẹ́ o. Ìyẹn lè pààyàn, ẹjọ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó ṣí lára ọkọ̀, kí ló kàn wá? Ó lè jẹ́ owó sukúù ọmọ ló gbé owó mọ́tò tuntun lọ. A ò bi bàbá náà. A ó rẹ́rìn-ín tán, bí òjò bá wá ká wa mọ́ ọ̀nà oko pẹ̀lú ẹrù iṣu, àwa náà la ó máa nawọ́ sí i pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wa!"