Ta Ló Tún Ń Wo Ẹni Tó Ń Kírun?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ilé ìròyìn Motherboard tú àṣírí kan tó kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí káàkiri ayé. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí Muslim Pro, áàpù tí wọ́n ti gbà sórí fóònù ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 98. Ìròyìn náà fi hàn pé áàpù yìí ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ X-Mode mọ ibi tí àwọn tó ń lò ó wà, àti pé X-Mode ń ta irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá ológun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Àwọn tó ni Muslim Pro sọ pé àwọn kò ta nǹkan kan fún ológun, ṣùgbọ́n kíá ni wọ́n já okùn àjọṣe àwọn àti X-Mode.

Ìdí tí áàpù ìrun fi ń béèrè ibi tí èèyàn wà kò ṣòro láti lóye. Oòrùn ni àkókò ìrun ń tẹ̀lé, ọ̀nà Mẹ́kà náà sì ń yí padà láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn yóò kọjú sí àárín àríwá àti ìlà-oòrùn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò kọjú sí àárín ìlà-oòrùn àti gúúsù. Ẹni tó fẹ́ kírun ṣí áàpù, ọfà kékeré yí, ó dúró, òun náà gbé fóònù sílẹ̀, ó kábàrá ìrun. Lábẹ́ ọfà yẹn, kóòdù tí ilé iṣẹ́ mìíràn kọ lè máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ: ó lè máa ṣàkọsílẹ̀ ibi tí fóònù wà, aago tó lù, irú fóònù tó jẹ́, àti orúkọ Wi-Fi tó so mọ́.

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ni yóò béèrè pé, kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí àwọn àgbà ti sọ pé amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Bí Ọlọ́run Arínúróde bá ti rí gbogbo rẹ̀, kí ni ẹni tí kò ṣe ibi ń fi pamọ́?

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn gidi. Òwe yẹn kò ní kí ọba ayé lọ yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó sọ ni pé ohun kan wà tí ọba ayé kò ní rí, tí ó sì tọ́ kó fi sílẹ̀ fún ti ọ̀run. Àwọn ààfáà máa ń sọ ìtàn kan tí Imam al-Ghazali mú wá nínú ìwé rẹ̀, Ihya: Kálífà Umar fura sí ọkùnrin kan, ó gun ògiri wọ ilé rẹ̀, ó sì bá a lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní òun ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Kálífà ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó ṣamí, èyí tí Súrà al-Hujurat kà léèwọ̀, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì tọrọ àyè. Umar, olórí àwọn onígbàgbọ́, kò rí èsì fọ̀, ó fi í sílẹ̀.

Nídìí Ifá pàápàá, ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò máa ń gbé owó sún mọ́ ẹnu, á sọ ohun tó bá a wá sí i wúyẹ́wúyẹ́, kí babaláwo má baà gbọ́. Àyẹ̀wò náà á sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Jésù náà ní kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà wọ yàrá lọ, kó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀sìn mẹ́ta tí kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ra wọn yé, gbogbo wọn ló fi àyè kan sílẹ̀ láàárín èèyàn àti Ẹlẹ́dàá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sí.

Ọlọ́run tó ń rí wa yìí kan náà ni à ń bẹ̀ lójoojúmọ́ pé kó bo àṣírí wa. Ó mọ ọkàn, Ó ń dárí jì, kò sì ta ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ra ìsọfúnni kò mọ ọkàn rárá. Ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó rí fóònù kan ní mọ́ṣáláṣí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kò mọ̀ bóyá lèmọ́mù ló ni ín tàbí ẹni tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, ó lè torí rẹ̀ dá ẹjọ́.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìkọlù àwọn apániláyà sí Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, ẹ̀ka kan lábẹ́ ọlọ́pàá New York rán amí sí mọ́ṣáláṣí, sí ilé oúnjẹ àti sáàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí. Ní 2012, ọ̀gá ọlọ́pàá kan jẹ́rìí lábẹ́ ìbúra pé ní ọdún tó lé ní mẹ́fà, ohun tí ẹ̀ka náà kó jọ kò bí ìwádìí kan ṣoṣo lórí ìpániláyà. Ìbẹ̀rù ló bí.

Òfin ń sáré tẹ̀lé òwò ìsọfúnni yìí, ṣùgbọ́n kò tíì bá a. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà sọ ní 2018, nínú ẹjọ́ Carpenter, pé ìjọba gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ kó tó gba àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù èèyàn ti rìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kan wá yà sí ọjà: ohun tí wọn yóò tọrọ lọ́wọ́ adájọ́, wọ́n fi owó rà á. Ní oṣù Kìíní 2024, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, pàṣẹ pé kí X-Mode, tó ti yí orúkọ padà sí Outlogic, má ta ìsọfúnni tó fi hàn pé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìjọsìn mọ́. Àṣẹ tó dára ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ kan ló bá wí. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 ka ẹ̀sìn èèyàn mọ́ ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra púpọ̀.

Òfin yẹn kan àwọn olórí ẹ̀sìn náà. Ẹ̀yin pásítọ̀ tó ń pín káàdì fún àlejò kó kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sí i, ẹ̀yin ààfáà tó ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà, ẹ má ṣe fi í lé olóṣèlú tàbí oníṣòwò lọ́wọ́, bó ti wù kí ó bẹ̀ yín tó. Kí ẹni tó ń lo áàpù ìrun sì wọ ibi ètò fóònù rẹ̀, kó gba àṣẹ láti mọ ibi tí òun wà kúrò lọ́wọ́ áàpù náà. Orúkọ ìlú tí èèyàn fi ọwọ́ tẹ̀ sí i ti tó láti mọ àkókò Àsùbáà.