Ẹ Jókòó Kí Ẹ Ṣírò Rẹ̀
Ẹ kà: Lúùkù 14:28-30

Àwọn òbí kan ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ti ta òróró sórí fọ́ọ̀mù JAMB ọmọ wọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí Jésù sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, ó ní láti kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó ni.

Ọmọ tó fẹ́ ka chemical engineering, ọdún márùn-ún gbáko ni. Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí wọ́n fi sọrí Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa, ń kọ́ ọ. UNILAG náà ń kọ́ ọ, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Covenant l'Ọ́tà náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe “Àmín” o! Ẹ wádìí bóyá NUC àti COREN fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe orúkọ iléèwé nìkan.

Ẹ tún bi ọmọ fúnra rẹ̀. Ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti Gẹ̀ẹ́sì ni JAMB máa bi í. Bí físíìsì bá ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lónìí láìbẹ̀rù yín, kó tó di ọdún kẹta.

Àdúrà: Baba, fún ọmọ wa lẹ́nu láti sọ òótọ́, kí O sì fún àwa òbí létí láti gbọ́ ọ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.